Máàkì Kan Tó Kù ní Ìlọfà

Ní ọjọ́ ìsìnkú bàbá mi àgbà, àlùfáà tó wàásù sọ pé ọkùnrin náà kò ṣẹ akẹ́kọ̀ọ́ kankan rí. Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Èmi náà ṣe é, torí pé iwájú ni mo jókòó sí, gbogbo ojú ló ń wò mí. Bí Bàbá bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, ìbéèrè kan ni ì bá bi àlùfáà: ṣé ẹ kà á ni, àbí ẹ rò ó? Ẹni tó bá sì kà á yóò rí i pé ẹnì kan wà. Oyèníkẹ̀ẹ́ ni orúkọ rẹ̀, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìlọfà ló ti ń ṣiṣẹ́. Máàkì kan wà láàárín òun àti Bàbá, wọn kò sì tíì parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ títí Bàbá fi kú.

Ọdún tí wọ́n bí i, iléèwé tó lọ, oyè tó jẹ nínú ìjọ, gbogbo rẹ̀ wà nínú ìwé ìsìnkú tí a pín. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, n kò rí ọkùnrin tí mo mọ̀ níbẹ̀. Ọkùnrin tí mo mọ̀ kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì ní iléèwé girama kan ní Ọ̀sì fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Láti Ọ̀sì dé Òkè-Ọ̀pin, Tíṣà ni wọ́n ń pè é, wọn kì í fi orúkọ kún un. Ọ̀dọ̀ òun àti ìyá mi àgbà ni mo gbé láti ọmọ ọdún mẹ́fà, torí pé ìjọba ń gbé ọmọ wọn Dúró, bàbá tó bí mi, káàkiri fún iṣẹ́. Àbẹ̀kẹ́ ni Bàbá ń pè mí, bó bá ń bínú tàbí kò bínú.

Ìbéèrè tí mo sọ yẹn, kò sí ẹni tó wọ ilé wa tí kò gbọ́ ọ. Bí aládùúgbò bá ní òjò ọdún yìí pọ̀ ju tèṣí lọ, yóò gbọ́ ọ. Bí ìyá mi àgbà bá ní ewúrẹ́ ti jẹ ẹ̀gẹ́ òun tán, yóò gbọ́ ọ kí ó tó gbé igbá kalẹ̀. Lọ́jọ́ kan èmi náà sunkún wọlé láti iléèwé, mo ní gbogbo kíláàsì wa ló fìdí rẹmi nínú ìdánwò ìṣirò. Èrò mi ni pé bó bá jẹ́ gbogbo wa, ìtìjú tèmi á fúyẹ́ díẹ̀. Bàbá kò bá mi wí. Ó bu omi fún mi mu, ó ní kí n lọ kà wọ́n lọ́la kí n tó máa sunkún. Mo kà wọ́n. Àwa méjìdínlọ́gbọ̀n ni a ṣe ìdánwò náà, àwọn mọ́kànlá sì yege. Mo rò pé yóò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tí mo sọ fún un. Ohun tó sọ ni pé, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. O ti mọ àwọn mọ́kànlá tí o máa lọ bi léèrè."

Ohun kejì tó fi ń yọ wá lẹ́nu ni ọ̀rọ̀ ohun kan ṣoṣo. Inú kíláàsì ló ti gbé e wálé, láti ara àyẹ̀wò tó fẹ́ràn jù láyé, ìyẹn ti òòfà oníná. Ó fi kọ́ àwọn bàbá, ó sì tún fi kọ́ àwọn ọmọ wọn. Wàá mú ìṣó gígùn kan, wàá yí wáyà kọ́pà mọ́ ọn lára, wàá so ẹnu wáyà méjèèjì mọ́ bátìrì tọ́ọ̀ṣì. Ìṣó tó ti ń sùn jẹ́jẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í fa píìnì. Kí ló máa ń jẹ́ kó fà púpọ̀? Ṣé iye ìgbà tí wáyà yí i ni, àbí iye bátìrì, àbí irin tó wà láàárín? Bí o bá fi kún wáyà, tí o tún fi kún bátìrì lẹ́ẹ̀kan náà, òòfà rẹ lè lágbára lóòótọ́, ṣùgbọ́n o ò lè mọ èyí tó fún un lágbára. Ohun kan ṣoṣo ni kí o yí. Fi ìyókù sílẹ̀ bó ṣe wà, kí o wá ka píìnì.

Ìyàwó ẹni tó bá ń ronú báyìí ní láti ní sùúrù. Ní ọjọ́ Àìkú kan ọbẹ̀ ẹ̀gúsí dùn kọjá bó ṣe máa ń dùn. Bàbá gbé ọwọ́ kúrò nínú iyán, ó béèrè lọ́wọ́ ìyá mi àgbà pé kí ló yí níbẹ̀. Ìyá ní òun pààrọ̀ irú, òun dín ata kù, epo tí àbúrò òun gbé wá láti Ìdọ̀fin ni òun sì lò. Bàbá mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún. Ó ní a ò ní mọ̀ ọ́n mọ́ láé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò bí Ìyá yóò ṣe tún un sè fún ọjọ́ mẹ́ta, kí irú nìkan yí padà lọ́jọ́ kìíní, kí ata nìkan yí padà lọ́jọ́ kejì. Ìyá mi àgbà kò bá a jiyàn. Ó na ọwọ́, ó mú ẹran tó tóbi jù lára ẹran Bàbá, ó dá a padà sínú ìkòkò. Ó wá ní, "Bàbá Dúró, mo ti yí ohun kan ṣoṣo. Ẹ máa jẹ ẹ́ lọ."

Bẹ́ẹ̀ náà ló bá àwọn ọ̀dọ́ ìjọ jà nígbà tí ẹ̀rọ agbóhùnsókè ṣọ́ọ̀ṣì ń hó bí ìkòkò ẹ̀kọ. Ó ní kí wọ́n yẹ wáyà wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọn kò gbọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà wọ́n pààrọ̀ gbohùngbohùn, wọ́n pààrọ̀ àpótí ohùn, wọ́n tún gbé jẹnẹrétọ̀ míràn wá, híhó náà sì wà níbẹ̀. Wáyà kan ṣoṣo tí eku ti jẹ ló fà á. Mo fẹ́ sọ pé Bàbá gbé e kúrò lọ́kàn gẹ́gẹ́ bí Kristẹni, ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ mọ́ òkú. Ó gbé wáyà náà sínú àpò kóòtù rẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ń yọ ọ́ jáde lẹ́yìn ìsìn. Alága àwọn ọ̀dọ́ ló wá bẹ̀ ẹ́ níkẹyìn pé kí ó jọ̀ọ́, kí ó sin ín.

Ọgọ́rùn-ún píìnì ló fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́. Inú agolo mílíìkì kan ló ń kó wọn sí, ó sì ń fi epo díẹ̀ nù wọ́n lásìkò òjò kí wọ́n má baà dípẹtà. Bí àyẹ̀wò bá parí, kò sí ọmọ tó ń kúrò ní kíláàsì títí yóò fi kà wọ́n pé. Nígbà tó fẹ̀yìntì, ó ku mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún. Mo bi í nígbà kan bóyá mẹ́rin tó sọnù yẹn dùn ún. Ó ní kò dun òun. Lẹ́yìn ìgbà tí a ti jẹun alẹ́ tán, tí mo ti gbàgbé pé mo béèrè, ó ní, "Mẹ́ta ni mo mọ ibi tó wọlẹ̀ sí."

Mo ń sọ gbogbo èyí kí ẹ lè mọ irú ẹni tí ọ̀rọ̀ Oyèníkẹ̀ẹ́ ṣẹlẹ̀ sí. Ọ̀dọ̀ èmi àti Ìyá ló ti tú jáde, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nínú wa mọ̀ ọ́n. Mo wà ní kíláàsì kẹta ní iléèwé girama, Bàbá sì ti fẹ̀yìntì, nígbà tí olùkọ́ wa fún wa níṣẹ́ ṣe nílé: kí a wádìí ohun tó ń mú òòfà oníná lágbára. Ẹ ò rí i bí inú Bàbá ṣe dùn tó. Ó fọ ojú dígí rẹ̀, ó gbé tábìlì jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kó ìṣó, wáyà, bátìrì àti agolo mílíìkì jọ. Ìṣòro wa ni pé omi gbígbóná ti jó mi níka, n kò lè yí wáyà, ọwọ́ Bàbá náà sì ti ń gbọ̀n nígbà yẹn. Ìyá mi àgbà ni a bẹ̀. Bàbá kìlọ̀ fún un pé òun nìkan ni kí ó yí gbogbo rẹ̀, kí ọwọ́ má yí padà.

Ìyá yí wáyà náà nígbà ogún, a so ó mọ́ bátìrì kan, mo ka píìnì mẹ́fà. Ó fi ogún míràn lé e kí ó di ogójì. Mo tì í bọ inú agolo, mo gbé e sókè, píìnì ẹyọ kan ṣoṣo ló rọ̀ mọ́ ọn. Bàbá wò mí, ó wo Ìyá. Ó bi í bóyá ó yí i pé ogójì lóòótọ́, àbí ó rò ó. Ìyá ní kí òun náà kà á. Ó kà á, ó pé ogójì. Ó pààrọ̀ bátìrì nìkan, kò yí nǹkan míràn, a tún gbé e sókè. Ẹyọ kan náà ni. Ìyá wá fi ogún kẹta lé e, kí ó di ọgọ́ta. Mẹ́fà tún padà wá, bí ẹni pé a kò fi nǹkan kan kún ti àkọ́kọ́.

Bàbá gba ìṣó náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú wáyà ní yíyí kọ̀ọ̀kan, ó ń kà á sínú. Nígbà tó tú ogún tòkè kúrò, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ogún tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò kọjú síbi tí ti òkè kọjú sí. Ìyá yí ogún àkọ́kọ́ gba apá ọ̀tún, ó fi wáyà kọ́ orí ìṣó, ó yí ogún kejì padà gba apá òsì, ó sì tún yí ogún kẹta gba apá ọ̀tún. Èyí tó lọ àti èyí tó bọ̀ ń pa agbára ara wọn. Bàbá bi í pé ta ló kọ́ ọ ní irú yíyí bẹ́ẹ̀.

Ìyá rẹ́rìn-ín. Bí inú rẹ̀ bá dùn, ohùn Ìdọ̀fin ló máa ń bọ́ sí. "Kí ni wọ́n ń kọ́ ibẹ̀? Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń di usu mọ́ ugi ní ulé wa. Bí okùn bá lọ, á padà. Bí kò bá padà, usu á já."

Ọmọ kátíkísì ni Bàbá. Inú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti tọ́ ọ, kò di iṣu mọ́ igi rí láyé rẹ̀. Ọdún tó ju ogójì lọ ni Ìyá fi ń di iṣu lóko wọn, tí Bàbá á sì lọ ka iye rẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti dì í tán. Kò wo okùn náà rí. Ó gbé ìṣó sílẹ̀ lórí tábìlì, ó yọ ojú dígí rẹ̀. N kò rí i kí ojú rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀ rí. Orúkọ kan ni ó dá.

"Oyèníkẹ̀ẹ́," ó wí.

Ó sọ ìtàn náà fún wa níbi tí a jókòó sí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, kò sì tún un sọ mọ́. Kí wọ́n tó bí mi ni. Oyèníkẹ̀ẹ́ jẹ́ ọmọ àgbẹ̀ kan ní Ìdọ̀fin, ó ń gbé ọ̀dọ̀ ìbátan rẹ̀ ní Ọ̀sì, ó sì mọ̀wé. Nọ́ọ̀sì ló fẹ́ ṣe. Lọ́jọ́ àyẹ̀wò òòfà, ó gbé ìwé rẹ̀ wá, píìnì márùn-ún fún ogún yíyí, ẹyọ kan fún ogójì, márùn-ún fún ọgọ́ta. Bàbá ti rí iye ọmọ tó pọ̀, kò rí i rí kí píìnì máa dínkù bí wáyà bá ń pọ̀ sí i. Ó ní kí ó fi ìṣó hàn òun, ṣùgbọ́n wáyà kan ṣoṣo ni wọ́n ní fún gbogbo kíláàsì, wọ́n ti tú u fún ẹni tó kàn. Ọmọ náà ń tẹnu mọ́ ọn pé òun kà á. Bàbá dìde níwájú gbogbo kíláàsì, ó ní irọ́ ni, kò kà á, ńṣe ló jókòó tó rò ó. Ó fún un ní òdo. Torí òdo yẹn àti orúkọ òpùrọ́ tó bá a rìn, wọn kò gbà á sí kíláàsì sáyẹ́ǹsì lọ́dún tó tẹ̀lé e. Nígbà tí Bàbá sọ ọ́ dé ibẹ̀, Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í kó píìnì padà sínú agolo fúnra rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Bàbá fi wádìí kí ó tó gbọ́ pé òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni Oyèníkẹ̀ẹ́ ní Ìlọfà. Ó de táì tí kò dè láti ọjọ́ tó fẹ̀yìntì. Ó di ìṣó àti wáyà sínú áńkáṣíìfù, ó kó bátìrì àti agolo mílíìkì sínú báàgì, ó gbé ìwé máàkì rẹ̀ dání. Ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle ni, inú rẹ̀ ló ń da gbogbo máàkì àyẹ̀wò kọ láti ọdún tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Èmi ni mo tẹ̀lé e. Nínú takisí, ó ń gbọn agolo píìnì wò ní ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan bóyá ó ṣì wà níbẹ̀.

Oyèníkẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n ní kété tó wọlé. Obìnrin tó ga ni, tí kì í yára sọ̀rọ̀. Ó dìde, ó kúnlẹ̀ kí i, ó fún un ní àga. Bàbá kò jókòó. Ó ní ìdúró ni òun wà nígbà tí òun sọ ọ̀rọ̀ kan sí i, ìdúró náà ni òun yóò fi mú un kúrò. Ó bẹ àwọn mẹ́ta tí wọ́n jọ wà ní ọ́fíìsì pé kí wọ́n jọ̀wọ́, kí wọ́n sún mọ́ tòsí, torí pé níwájú èèyàn ni òun ti ṣe é. Ó wá tú áńkáṣíìfù, ó na ìṣó àti wáyà sí Oyèníkẹ̀ẹ́, ó ní kí ó bá òun yí i.

Oyèníkẹ̀ẹ́ wo ìṣó náà pẹ́. Ó ní, "Tíṣà, mo wà lẹ́nu iṣẹ́."

Bàbá ní òun mọ̀. Kò gbé ọwọ́ rẹ̀ wálẹ̀. Oyèníkẹ̀ẹ́ rí bí ọwọ́ náà ṣe ń gbọ̀n, mo rò pé ohun tó jẹ́ kó gbà á nìyẹn. Ó yí ogún lọ, ó kọ́ wáyà náà lórí ìṣó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí i padà bọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un. Èmi ń tì í bọ agolo, èmi ń kà á. Ti ogún, a rí mẹ́fà. Kí n tó gbé ti ogójì sókè, Oyèníkẹ̀ẹ́ ti sọ ọ́ láìwo apá ọ̀dọ̀ mi: "Márùn-ún, ọ̀kan, márùn-ún." Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ó há a sórí bí ẹni há orúkọ òbí rẹ̀. Mo gbé e sókè, ọ̀kan ni.

Bàbá kọjú sí àwọn mẹ́ta tó dúró. Ó sọ̀rọ̀ sókè, ohùn kíláàsì ni ó fi sọ ọ́. "Ọmọ yìí kò purọ́. Òun ló kà á. Èmi ni mo rò ó."

Mo fẹ́ràn Bàbá lọ́jọ́ yẹn ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Ìbá dára kí a tibẹ̀ lọ sílé. Ṣùgbọ́n Bàbá ṣí ìwé máàkì, ó wá orúkọ Oyèníkẹ̀ẹ́ títí ó fi rí i, ó fi báírò pupa fa ìlà sí òdo náà lórí, ó kọ mẹ́sàn-án sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nínú mẹ́wàá ni. Oyèníkẹ̀ẹ́ tẹ̀ síwájú, ó wò ó, ó béèrè pé kí ló dé tí kò pé. Bàbá ní kò kọ bó ṣe yí wáyà sínú ìwé rẹ̀, ẹni tó bá ṣe àyẹ̀wò gbọ́dọ̀ kọ bó ṣe ṣe é. Ó sọ ọ́ tọkàntọkàn. Ilẹ̀ ì bá la kí n wọlẹ̀.

Oyèníkẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. Ó ní kí Bàbá fi ìṣó sílẹ̀ fún òun, Bàbá sì fi sílẹ̀. Ó sìn wá dé ẹnu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe yẹ. "Ẹ ṣé, sà," ó wí. "Ó ku ọ̀kan."

Láti ìgbà yẹn, bí èèyàn bá ti Ìlọfà bọ̀ wá sí Ọ̀sì, yóò bá wa gbé ìkíni wá. Oyèníkẹ̀ẹ́ ní kí wọ́n kí Tíṣà, kí wọ́n sì sọ fún wọn pé ó ku ọ̀kan. Bàbá á ní kí wọ́n kí i padà, kí wọ́n sọ fún un pé kò kọ bó ṣe yí i. Àwọn tó ń jẹ́ iṣẹ́ náà rò pé eré ni wọ́n ń bá ara wọn ṣe. Ó dà bí eré lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo rí ojú obìnrin yẹn, mo mọ̀ pé kì í ṣe eré.

Èmi àti Bàbá jà lórí rẹ̀ ní ọdún tí mo gba iṣẹ́ ìjọba ní Ìlọrin. Mo wá kí wọn fún ìsinmi Àjíǹde, ìkíni náà dé bó ṣe máa ń dé, Bàbá sì tún fi ìdáhùn rẹ̀ ránṣẹ́. Mo sọ fún un pé odidi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni ó gbà lọ́wọ́ obìnrin náà, ó wá jókòó tí ó ń ṣọ́ máàkì kan. Mo ní ọkàn rẹ̀ le. N kò bá a sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, n kò sì rí ọmọ ọmọ tó bá àgbà sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò bá mi wí. Ó wo òkè àgbàlá níbi tí Ìyá ti ń ṣa iṣu, ó ní kí n má jẹ́ kí ọkọ̀ fi mí sílẹ̀. Mo lọ láì dúró gba àdúrà. Nígbà tí mo tún padà wá, a jọ jẹun, a jọ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò dárúkọ Ìlọfà mọ́, òun náà kò dárúkọ rẹ̀. Ó ń dùn mí títí di òní pé mo dákẹ́.

Ó kú ní òwúrọ̀ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ó ti mu ẹ̀kọ, ó ní kí Ìyá jẹ́ kí òun sinmi díẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú, nígbà tí ẹbí ń pín ẹrù rẹ̀, ìwé máàkì ni mo bẹ̀bẹ̀ fún, kò sì sí ẹni tó bá mi du ú. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí a ti ṣe àyẹ̀wò, mo wá ojú ewé Oyèníkẹ̀ẹ́. Mo fẹ́ wo mẹ́sàn-án yẹn bóyá inú á tún bí mi. Ìlà pupa ti gba orí mẹ́sàn-án náà. Mẹ́wàá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti ìlà méjì tí ọwọ́ tó ń gbọ̀n kọ: *Kò kọ bó ṣe yí i. Èmi náà kò bi í.*

Mo gbé e tọ Ìyá lọ. Kò yà á lẹ́nu. Ó ní òun ni òun di ìwé náà mú fún un kí ó má baà yẹ̀ nígbà tó ń kọ ọ́, ní ọ̀sẹ̀ tí mo bínú lọ. Mo bi í pé kí ló dé tí wọn kò fi ránṣẹ́ sí Ìlọfà. Ìyá ní òun sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Bàbá ní òun kò fi ẹnu ẹlòmíràn pe obìnrin náà ní òpùrọ́, òun kò sì ní fi ẹnu ẹlòmíràn parí rẹ̀; bí ẹsẹ̀ bá ti jẹ́ kí òun wọ ọkọ̀, òun á lọ. Ẹsẹ̀ kò jẹ́. Gbogbo ìdáhùn tó sì ń fi ránṣẹ́ lẹ́yìn ìgbà yẹn, Ìyá ní kí ọ̀rọ̀ má baà tán kí Bàbá tó dé ibẹ̀ ni.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìlọfà. Irun Oyèníkẹ̀ẹ́ ti funfun níwájú, ó kù díẹ̀ kí òun náà fẹ̀yìntì. Ìṣó Bàbá wà lórí tábìlì rẹ̀, wáyà ṣì wà lára rẹ̀ bó ṣe yí i, ó fi tẹ ìwé mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e. Ó kí mi kú ọ̀fọ̀, ó ní òun gbọ́, òun kò mọ̀ bóyá ó yẹ kí òun wá. Mo ṣí ojú ewé náà síwájú rẹ̀. Ó wọ ojú dígí, ó kà á, ó tún un kà. Ó bi mí bóyá ọwọ́ wọn ni. Mo ní ọwọ́ wọn ni, mo sì sọ gbogbo ohun tí Ìyá sọ fún mi.

Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún, kò tọrọ gáfárà fún un. "Mo ti dárí jì wọ́n tipẹ́," ó wí. "Máàkì yẹn ló ń dùn mí."

Ó fa ìwé náà mọ́ra. Mo rò pé ó fẹ́ tún ojú ewé rẹ̀ kà ni, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ ìwé ló lọ. Ó ń ṣí i ní ewé kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ìka tọ orúkọ àwọn ọmọ Ọ̀sì, ti Ìdọ̀fin, ti Òkè-Ọ̀pin, àwọn tó ti di ìyá àti àwọn tó ti kú, ó ń wá ibi tí báírò pupa tún ti fa ìlà sí. Ẹni tó fẹ́ rí i wọlé, ó fi ọwọ́ dá a dúró. N kò kán an lójú. Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ní ọjọ́ méjì ṣáájú, láti ewé àkọ́kọ́ dé ewé ìkẹyìn.

Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé àárín, mo sọ fún un pé kò ní rí òmíràn. Mo ní nínú gbogbo ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ohun kan ṣoṣo ni Bàbá yí.

Ó gbé ojú sókè wò mí lórí dígí, gẹ́gẹ́ bí Bàbá ṣe máa ń ṣe. "Ṣé o kà á ni," ó wí, "àbí o rò ó?"

Mo ní, "Mo kà á, mà."